Ẹ̀gbọ́n Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Àbúrò

Nígbà tí Hannah gbàdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, tó ní kí Olúwa jẹ́ kí bàálé òun gbó, kó tọ́, kó hu ewú ju báyìí lọ, gbogbo ilé ló ṣe àmín, àfi bàálé náà fúnra rẹ̀. Bọ́lárìnwá la ojú sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, lónìí tó jẹ́ òní? Ọlọ́run lè tètè gbọ́."

Hannah tọrọ gáfárà. Ó tún ojú dì, ó bẹ Olúwa pé kó bá àwọn fi ẹ̀mí gígùn náà pamọ́ di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìgbà yẹn ni Bọ́lárìnwá tó ṣe àmín.

Orí ọkùnrin náà kò dàrú o. Ọ̀gá kan ló ń bọ̀ láti kọ́ńpìnnì tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní wọ́ọ̀fù, ìyẹn èbúté, níbi tí Bọ́lárìnwá ti jẹ́ hẹ́dìmáànù, olórí àwọn lébìrà tó ń ru àpò. Ọ̀gá náà ń bọ̀ nílé wọn ní àdúgbò Borokiri wá fi ojú ara rẹ̀ wo ọjọ́ orí Bọ́lárìnwá. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta, kó máa lọ sílé. Nínú ìwé ìbúra tó wà lọ́wọ́ wọn, Bọ́lárìnwá jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Nínú ara tí ìyá rẹ̀ bí, ó ti lé ní ọgọ́ta, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó fi lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àgbà ẹbí ni kóòtù ní kó wá búra pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ. Bọ́lárìnwá kò ní ẹ̀gbọ́n láyé mọ́. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ìyẹn Akínbíyìí, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Creek Road. Akínbíyìí ló lọ sí kóòtù, tó gbé Bíbélì sókè, tó ní òun ni ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ṣebí ìwé lásán ni, ìwé kì í rìn wọ ilé onílé. Lónìí, ìwé ti gun kẹ̀kẹ́, ó ń bọ̀.

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi. Bọ́lárìnwá ṣì ń gbé àpò iyọ̀ lé èjìká, ó sì ń bú àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ wo ẹnu ọ̀nà yàrá kejì nínú àgbàlá wọn, níbi tí Solomon jókòó sí. Solomon ará Wàrì àti Bọ́lárìnwá jọ wọ wọ́ọ̀fù ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Òótọ́ ni Solomon sọ nígbà tí wọ́n bi í lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé ní ọdún tí a gba òmìnira. Ọkùnrin tí àwọn lébìrà máa ń sá fún nígbà kan, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa ṣọ́ aṣọ tí àwọn obìnrin sá sóòrùn, kó máa lé ewúrẹ́ nídìí gààrí, kó máa bá wọn bó ẹ̀gúsí. "Papa Solo, abeg help me look dis pot," ni gbogbo ìkíni tó ṣẹ́kù fún un. Wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ tán, wọ́n ti ju ewé nù. Ìlú tó ń fi àdúrà ẹ̀mí gígùn kí ara wọn láràárọ̀, tó tún ń lé ènìyàn dànù lọ́jọ́ tí àdúrà bá gbà, ìlú náà gan-an ló yẹ kí wọ́n wọ́ lọ sí kóòtù.

Láti ọjọ́ tí Solomon ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni Bọ́lárìnwá kò ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹgbẹ́ ẹni bá ti darúgbó, ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹni ló jẹ́.

Akínbíyìí dé nígbà tí adìyẹ tí Hannah pa fún àlejò náà ṣì wà nínú omi gbígbóná. Ó wọ agbádá tó rán fún oníbàárà kan tí kò tíì wá gbà á. Rónkẹ́, ọmọbìnrin Bọ́lárìnwá tó jẹ́ tíṣà, yí i po, ó sì mi orí.

"Uncle, ẹ ò jọ àgbà rárá. Your face dey shine like new plate."

"Ṣé kí n fi eérú kùn ún ni?" Akínbíyìí bèèrè.

Rónkẹ́ da lẹ́búlẹ́bú ìkunra sí i lórí, ó fi ọwọ́ pa á wọ inú irun títí irun náà fi funfun bí ìgbà tí ìyẹ̀fun dà sí i. Bọ́lárìnwá ní tirẹ̀ ti fi abẹ fá orí kodoro láti àárọ̀, nítorí ewú. Ó jókòó sórí àpótí, àga ńlá rẹ̀ ni wọ́n ti gbé fún àbúrò rẹ̀.

"Ó yá, Uncle," Rónkẹ́ ní, "ẹ pe Dádì lórúkọ."

"Orúkọ báwo?"

"Ẹ̀gbọ́n kì í pe àbúrò ní Bùọ̀dá."

Akínbíyìí ya ẹnu, ó pa á dé. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe orúkọ yẹn lásán rí. Ó ní, "Bọ́…" Ó nu iwájú orí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Bọ́lá…"

"Pè mí," Bọ́lárìnwá ní. "Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́, kì í ṣe àpọ́nlé."

"Bọ́lárìnwá."

Hannah tó ń tu ìyẹ́ adìyẹ lẹ́nu ọ̀nà dá ọwọ́ dúró. Rónkẹ́ ní kó tún un pè, ó tún un pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó ní kó pè é mọ́ kó tó ní, "Bọ́lárìnwá, bu omi wá kí n mu."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí.

"Mo kàn ń dán an wò ni, Bùọ̀dá," Akínbíyìí ní.

"Arẹ́wà," Hannah ní, nítorí orúkọ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn nígbà tó wọlé ní ìyàwó, bí ìyàwó kì í ti í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ. "Arẹ́wà, ẹ dìde lórí àga yẹn ná. Ọ̀gá kò tíì dé."

"Mo ń bá àga mọ́ra ni. Ta ló tún ń jẹ́ Arẹ́wà? Ṣé orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà nìyẹn?"

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," Hannah ní, ó sì fa ìyẹ́ kan tu bí ẹni pé etí ẹnì kan ló ń fà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Akínbíyìí. Ó ní, "Ọmọdé? Èmi tí mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta? Mo ti ní ọmọ-ọmọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá ni gbogbo wọn ń pè mí. Kí n ṣáà ti dé ibí, 'Akín, lọ ra kẹrosíìnì. Akín, wá di adìyẹ yìí mú.' Ọrùn adìyẹ ni mo ń jẹ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ ìyàwó. Kí ni mo máa dà kí n tó kúrò nídìí ọrùn?"

Hannah fa adìyẹ náà sọ́dọ̀, ó ń tu ìyẹ́ ọrùn rẹ̀.

Boma, obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, ló gba ojú fèrèsé yọ orí. "Mama Ronke, dem say your husband don turn small pikin. Make I buy am biscuit?"

"Boma, rọra sọ̀rọ̀."

"Who no know? All of us for dis yard don agree, we no see anything." Ó wá fi ẹnu tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà kejì. "But Papa Solo nko? Una don beg am?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni Solomon," Bọ́lárìnwá ní.

"Your friend wey you no dey greet," Boma ní, ó sì padà sídìí èéfín rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Dagogo, ọ̀gá tí wọ́n ń retí, wọ àgbàlá nígbà tí ọbẹ̀ ń hó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà tó ń dán. Òun ni kọ́ńpìnnì gbé sípò òyìnbó tó padà lọ sí ìlú rẹ̀. Ọmọ Rivers ni, àmọ́ Yorùbá ló fi kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó rọra ń gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ẹyin. Hannah wo Rónkẹ́, Rónkẹ́ wo ilẹ̀. Wọn kò retí èyí.

"Ìbàdàn ni mo ti kàwé," Dagogo ṣàlàyé nígbà tó jókòó. "Mo pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mú ìwé kankan wá. Kí ni ìwé lè sọ fún mi? Yorùbá lè parọ́ fún kóòtù, kò lè parọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ kí ara yín kí n rí i."

Ojú fèrèsé ti kún. Boma wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin àgbàlá, wọ́n to ara wọn bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́lárìnwá dìde lórí àpótí. Ó fi orúnkún kan lélẹ̀, ó fi ìkejì lélẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó sì na gbalaja síwájú ọmọ tó pọ̀n rí lẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

Akínbíyìí ti mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó yẹ kó ní, "Bọ́lárìnwá, ṣé o jí dáadáa?" Rónkẹ́ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀, ó rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fífá lẹ́bàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òun. Ẹ̀rù bà á. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ara rẹ̀ ti fò kúrò lórí àga, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lẹ́búlẹ́bú ń fẹ́ lẹ́lẹ́, orí sì kọlu orí.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó sọ ọ́ sínú ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n," Bọ́lárìnwá ní, ó di eyín pọ̀.

"N kò lè dìde kẹ́ ẹ wà nílẹ̀."

"Ẹ dìde kí n tó fọ́ ẹnu yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà nílẹ̀, àwọn bàbá méjì, imú sí imú, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbéra. Dagogo fi ọwọ́ gbá àgbọ̀n mú. Ó kọ orí sí ọ̀tún, ó kọ ọ́ sí òsì.

"Èwo wá ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

"Àìsàn ẹsẹ̀ ló ń ṣe bàbá àgbà, sà," Hannah ní. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣubú nìyẹn tí inú wọn bá dùn."

"Tí inú wọn bá dùn," Dagogo tún un sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n fẹ́ràn àbúrò wọn púpọ̀."

Ẹ̀rín bú nídìí fèrèsé, ẹnì kan sì fi ọwọ́ bo ẹnu ẹnì kejì. Rónkẹ́ gbé Akínbíyìí dìde, ó tì í padà sórí àga. Ìdajì irun rẹ̀ ti padà di dúdú.

Oúnjẹ ni Hannah rò pé yóò gbà wọ́n. Ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń bu oúnjẹ fún ọkọ láti ọjọ́ yìí wá, kò gbọ́ pé wọ́n ti yí ọkọ padà. Ó bu iwe adìyẹ sínú abọ́ Bọ́lárìnwá. Dagogo rí i. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn mọ ẹni tó ń jẹ iwe adìyẹ nínú ilé.

Bọ́lárìnwá náà rí i pé ó rí i. Ó fi ọwọ́ mú un nínú abọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú ti Akínbíyìí. "Wọ́n ṣì í bù ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín."

Akínbíyìí wo ẹran náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi í sẹ́nu, ó di ojú, ó sì jẹ ẹ́ pẹ́, gbogbo ilé ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rù tó bà á lórí ilẹ̀ ti lọ. Ó na ọwọ́ mú itan, ó na ọwọ́ mú àyà. Ó ní, "Bọ́lárìnwá, omi," Bọ́lárìnwá sì dìde lọ bu omi. Hannah mú abọ́ òfìfo, ó sọ sínú rẹ̀ pé, "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Abọ́ nìkan ló gbọ́.

Dagogo dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì jáde. Inú gbogbo wọn fẹ́ balẹ̀, àfi pé kò lọ sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kejì ló lọ, ó sì tẹ̀ ba níwájú bàbá tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Papa, dem say you be old wharf man."

"Na so," Solomon ní, kò gbé ojú sókè.

"You sabi that man?"

Bọ́lárìnwá ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Boma dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Kò sí ẹnì kan nínú àgbàlá náà tí kò mọ̀ pé ọjọ́ tí Bọ́lárìnwá gba iṣẹ́, Solomon ló jókòó tì í lórí pákó, tí wọ́n jọ pín búrẹ́dì kan jẹ.

Solomon wá gbé ojú sókè. Ó wo orí tí wọ́n fá, ó wò ó pẹ́.

"I sabi am."

"You and am be mate?"

Solomon tu èèpo ẹ̀gúsí kan dànù. "Mate? Dis one? Na small boy. When I dey work, na him dey carry my food."

Dagogo yíjú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó kan Bọ́lárìnwá. Ó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni sà," ó ní. "Bàbá mi ni wọ́n." Ìtìjú tó mú un níbẹ̀ ju èyí tó mú un nígbà tó wà nílẹ̀ yàrá lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Solomon nínú ọkàn rẹ̀, ọpẹ́ náà sì ń ta á.

Dagogo nà ró, ó gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò. Ó ní ó tó, iṣẹ́ Bọ́lárìnwá ṣì wà, kó wá sí wọ́ọ̀fù ní Mọ́ńdè. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde sí títì. Hannah jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀. Nínú yàrá, Akínbíyìí kò tíì dìde lórí àga.

"Boy," Solomon ní láti ẹnu ọ̀nà kejì.

Boma wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọmọdé kankan nítòsí.

"Boy, na you I dey call." Solomon ti fa garawa kan jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó nà án síwájú. "Go fetch water for me."

Láti ọdún òmìnira, gbogbo ènìyàn ló ń rán Solomon níṣẹ́, òun kò tíì rí ẹnì kan rán. Bọ́lárìnwá wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Kò rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, kò sì rí ìbínú. Ọkùnrin náà kàn na garawa síwájú.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ jẹ́ kí n lọ," Hannah ní.

"I no send you, madam," Solomon ní.

Bọ́lárìnwá gba garawa. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ pe Solomon lórúkọ bó ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Ó ní, "Yes, Papa," ó sì jáde.

Ẹ̀rọ omi wà lórí títì, ibẹ̀ sì kún fún obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú garawa lórí ìlà. Dagogo náà wà níbẹ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló já bọ́, ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fi igi kan gbé e padà.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ rí Bọ́lárìnwá tó ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti garawa tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè là.

"Papa, come front. Old man no suppose stand for back."

Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ti ń yà sọ́tùn-ún sósì. Dagogo gbé ojú kúrò lára ṣéènì.

"Make una leave me," Bọ́lárìnwá ní. "I never old."

Ó rìn kọjá gbogbo wọn lọ sẹ́yìn, ó gbé garawa Solomon kalẹ̀ sẹ́yìn ti ọmọ tó kéré jù lọ, ó sì dúró.